Ihò Mẹ́rin Lára Ọpọ́n Ògúntúndé

Èlùbọ́ ló pa kọ̀ǹpútà Jòhánù méjèèjì. Kì í ṣe àrá, kì í ṣe olè. Èlùbọ́ lásán tí a fi ń ro ọkà ni.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òmù-Àrán, ògiri pákó kan ṣoṣo ló sì là á kúrò lára ẹ̀rọ tí Ràfátù fi ń lọ èlùbọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárọ̀, ìyẹ̀fun á gba ojú pákó wọlé, á bà sórí tábìlì, á bà sórí ìwé, á kó sí imú oníbàárà. Fáànù tó wà nínú kọ̀ǹpútà á sì máa fà á mu bí ọ̀mùtí. Èkíní kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Èkejì kò tó oṣù méjì tó fi rú èéfín, tó dún gbàù, tí Rhoda ìyàwó Jòhánù sá jáde pẹ̀lú ìró lọ́wọ́. Nígbà tí Jòhánù tú u wò, ìyẹ̀fun ti jóná mọ́ gbogbo inú rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí kò kó kúrò níbẹ̀. Iná ni. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀ ni ọdún náà, iná ìjọba sì máa ń yọjú sí Òmù-Àrán bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó ni. Jẹnẹrétọ̀ Ràfátù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ládùúgbò yẹn, obìnrin náà sì ṣàánú Jòhánù, ó fún un ní wáyà kan. Ibi tí iná wà ni ìyẹ̀fun wà.

Ẹ má sì pè é ní òmùgọ̀. Nígbà tí owó epo ń ya wọ ìlú, ilé iṣẹ́ epo kan ní Èkó gbà á sí yàrá kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé ka orí tábìlì. Ó gba odidi yàrá, ó sì máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gba páìpù omi tútù kọjá nínú rẹ̀. Páìpù wọ̀nyẹn ni Jòhánù tọ́jú fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí nǹkan le, wọ́n lé òun àti ogójì ènìyàn mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó aya rẹ̀ wálé àti bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mẹ́ta, pẹpẹ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà.

Bọ́ọ̀dù kẹta ló wá kù, òun náà sì ni ìkẹyìn. Iléèwé ìjọ mẹ́fà, láti Òmùpò títí dé Òkè-Onígbìn, ti fún un ní ìdánwò wọn láti tẹ̀. Bí eléyìí bá tún kú, Jòhánù yóò gbé ọkọ́ tí kò gbé rí láti kékeré, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nítorí náà ó jókòó, ó rò ó dáadáa. Kò ní fi fáànù sí i mọ́. Yóò dé e pa sínú àpótí tí eruku kankan kò lè wọ̀, omi ni yóò sì máa gbé ooru rẹ̀ jáde. Ó yọ pọ́ńpù kékeré tó ń tu omi sí gíláàsì mọ́tò, ó yọ radiétọ̀ kóńkó kan lára mọ́tò tó kú sẹ́bàá ọ̀nà, ó ra rọ́bà, ó sì lẹ páìpù bàbà mọ́ ibi tó ń gbóná jù lára bọ́ọ̀dù. Àpótí ló kù.

Ẹni tó bá rò pé àpótí kò ṣòro yàn kò tíì wá a rí. Èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ga dé ìbàdí, ihò sì kún ara rẹ̀ bí ajọ̀. Àpótí páànù tí Rhoda gbé lọ síléèwé nígbà èwe tóbi jù, ó sì fẹ́lẹ́, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí pọ́ńpù bá ti ń ṣiṣẹ́. Agolo bisikíìtì kéré. Káfíńtà kan kan ọ̀kan tó dára lójú, ṣùgbọ́n igi kì í jẹ́ kí ooru jáde, bọ́ọ̀dù náà ìbá sè nínú rẹ̀ bí iṣu. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kékeré, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Jòhánù ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ohun tí ènìyàn bá fi sí ṣọ́ọ̀bù di àárọ̀ lásìkò yẹn, olè ló fi í sílẹ̀ fún. Irin ló ń wá, irin kékeré tó nípọn, tó ní ìdérí, tí omi kò lè jò lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀ ló ti rí i.

Ọpọ́n irin ni. Inú rẹ̀ ni Ògúntúndé alágbẹ̀dẹ, bàbá Jòhánù, ti máa ń ti irin pupa bọ omi. Bàbá tó bí Ògúntúndé ló lù ú láti ara irin rélùwéè, ọgọ́ta ọdún ni omi sì fi wà nínú rẹ̀ tí kò jò rí. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó fẹ̀ tó ìka méjìlá, ó sì ní ìdérí tó bá a mu rẹ́gí, nítorí ewúrẹ́ tó máa ń wá mu omi rẹ̀. Jòhánù da omi àtijọ́ inú rẹ̀ nù, ó gbé bọ́ọ̀dù sí i, ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ọpọ́n náà jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, àbúrò bàbá rẹ̀ méjì jà nínú àgbẹ̀dẹ. Ọ̀kan fi irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iná jáde gbá èkejì létí, etí náà sì jóná mọ́ ọn lórí. Jòhánù gbọ́ òórùn ẹran ara ènìyàn lọ́jọ́ náà, kò sì lè jẹ ẹran fún oṣù kan. Ògúntúndé gbá àwọn méjèèjì lọ́rùn mú, ó wọ́ wọn dé ìdí ọpọ́n. Ó ní kí kálukú sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, láìbùlà. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọ̀tún ẹni kìíní wẹ òsì ẹni kejì, kí ọ̀tún ẹni kejì wẹ òsì ẹni kìíní, nínú omi tó ti mú irin tutù, kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ kí wọ́n tó wẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà mọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú nínú àwọn ará wọn lè gbẹ̀san bó ṣe wù ú, kò sì sí ẹni tí yóò sin ẹnì kejì rẹ̀. Òfin ilé náà nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mú Jòhánù lọ gbé lọ́dọ̀ tíṣà ìjọ. Láti ibẹ̀ ó di Èkó. Lójú rẹ̀, bàbá ti kú, àgbẹ̀dẹ ti tutù, òfin irú ìyẹn sì ti bá olóògbé lọ. Àti pé òun ni dáódù, àkọ́bí ọkùnrin bàbá náà. Ta ni kí dáódù lọ bi kó tó gbé ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀?

Ibẹ̀ ló ti ṣìnà. Nínú ilé àwọn alágbẹ̀dẹ yìí, dáódù ló ni orí ilé, dáódù ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó bá mọ iná, ẹni tó fi ẹwìrì fín iná kẹ́yìn fún olóògbé ló ń dáhùn fún un. Hàmídù ló fín in, àbúrò Jòhánù tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá, tí ìyá wọn yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kó o wọ ẹ̀sìn Mùsùlùmí, bàbá wọn ló sì kó o wọ àgbẹ̀dẹ. Ogún ọdún ló fi wà nídìí ẹwìrì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ táì l'Ékòó. Lọ́sẹ̀ tí Jòhánù gbé ọpọ́n, Hàmídù wà ní Òrò-Àgọ́, ó ń tún ọkọ́ àwọn àgbẹ̀ ṣe kí òjò tó dé. Ọ̀nà Òrò-Àgọ́ kò sì jẹ́ kí ènìyàn ṣe àlọ-àbọ̀.

Jòhánù gbé ọpọ́n kalẹ̀ lórí òkúta. Rọ́bà nílò ihò méjì, wáyà iná nílò ọ̀kan, wáyà gíláàsì ojú rẹ̀ nílò ọ̀kan. Ó ti ìṣó ńlá sí i, ó gbé òòlù. Irin náà kò gbà. Ó lù ú títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ó gégùn-ún fún un, ó tún lù ú. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jòhánù kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, ó ń bínú sí irin ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ihò mẹ́rin ti wà lára ọpọ́n tí kò jò fún ọgọ́ta ọdún. Àjọkẹ́, àbúrò bàbá wọn obìnrin tí ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ìró náà. Ó béèrè pé ta ló ń ṣiṣẹ́ ní àgbẹ̀dẹ. Jòhánù ní òun ni, màmá náà sì ṣàdúrà fún un.

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹ̀fun bò ó mọ́lẹ̀ kò wúkọ́. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, radiétọ̀ ń gbóná lẹ́yìn fèrèsé, Jòhánù sì ti tẹ ìdánwò iléèwé márùn-ún tán pátá. Ó ku ọ̀kan.

Ní Jímọ́ ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Hàmídù wọlé. Ẹmú tó fi ń di irin gbígbóná mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ dé ilé, ó ti dáná, ó ti mú irin kan pọ́n bí ẹ̀yinná, ó sì yí padà láti tì í bọ omi, kò rí omi, kò rí ọpọ́n. Àjọkẹ́ ló sọ fún un pé Jòhánù ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kẹ́yìn.

"Bùọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́," ó wí. "Ọpọ́n dà?"

"Òun rèé. Wá wo nǹkan." Jòhánù ṣí ìdérí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ní tòótọ́, ó ti ń retí kí Hàmídù dé. Òun nìkan ló mọ irin nínú ìdílé, òun nìkan ló lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Hàmídù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kò wo bọ́ọ̀dù. Ìka ló fi ń wá etí ihò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí tó fi ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ta ló lu èyí?"

"Èmi ni. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi bá a jìjàkadì."

"Ọwọ́ ta lẹ ti gba àṣẹ?"

Rhoda, tó ń to ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ lẹ́yìn pé ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí pé ohùn Hàmídù lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ ìyẹn. Ohun tó gbọ́ ni pé àbúrò ń bi í ní ìbéèrè níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé n óò tọrọ nǹkan bàbá mi lọ́wọ́ ọmọ obìnrin tó kàn wá bá ìyá mi nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde nìyẹn, ó sì ti jáde. Ẹmú náà bà á ní egungun èjìká, ó dún kàkà bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ. Jòhánù ṣubú lu tábìlì. Hàmídù tún gbé ẹmú sókè, Rhoda sì kó sáàárín wọn, ó di apá rẹ̀ mú. Ìgbọ̀nwọ́ bà á lẹ́nu. Eyín kan já bọ́ sórí ìwé ìdánwò, ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ lé e.

"O lu ú," Hàmídù ń wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "O lu ọpọ́n. Ìwọ Jòhánù."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí. Nígbà tí Jòhánù sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu aya rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tí ihò kún ara rẹ̀, wà nílẹ̀ nítòsí. Ó fi ọwọ́ kan tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu gbé e, ó sì fọ́ ọ mọ́ orí àbúrò rẹ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ká, etí rẹ̀ ya iwájú orí Hàmídù láti ibi irun títí dé ìpéǹpéjú. Ẹmú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń fi orí gbá ara wọn, wọ́n ń gé ara wọn létí jẹ. Ọkùnrin méjì tó ti ní irun funfun. Wọ́n sún mọ́ ògiri pákó, ògiri pákó sì wó, wọ́n já bọ́ sọ́dọ̀ Ràfátù.

Ẹ̀rọ ń lọ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin tó gbé iṣu gbígbẹ wá lọ̀ sá, abọ́ fọ́n ká, ìyẹ̀fun sì gba afẹ́fẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi rí iwájú. Ràfátù ń pariwo pé òun ń pa á, òun ń pa á, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ yẹn kì í kú lójú kan náà tí a bá pa á. Hàmídù ti gun orí Jòhánù, ó ń fún un lọ́rùn. Jòhánù rí bẹ́líìtì tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó rí i kedere, àní pẹ̀lú gbogbo ìyẹ̀fun yẹn. Ó gbá ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, ó sì tì í síbẹ̀.

Bẹ́líìtì gba ọwọ́ náà wọ abẹ́ kẹ̀kẹ́ irin. Igbe tí Hàmídù ké borí ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò nìkan ló kù. Ìka mẹ́rin tó kù wà nínú èlùbọ́, funfun àti pupa, Ràfátù sì bọ́ gèlè rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi dì í.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé Hàmídù dé ilé ìwòsàn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ fi gbọ́. Àfísù ló ṣíwájú wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Hàmídù, ọkùnrin mẹ́fà sì tẹ̀ lé e, kálukú pẹ̀lú àdá. Àwa Igbómìnà, àdá ló júwe ọ̀nà fún àwọn baba wa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àdá ń júwe lọ́jọ́ náà kò dára. Ṣọ́ọ̀bù Jòhánù ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n gé tábìlì, wọ́n gé ìlẹ̀kùn, wọ́n fọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà. Wọn kò bá ọpọ́n níbẹ̀, nítorí pé Rhoda ti já wáyà rẹ̀, ó ti gbé e rù tòun ti radiétọ̀ tó ń fì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Ẹnu géètì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bá Jòhánù. Ó ń gbìyànjú láti wọlé lọ wo àbúrò rẹ̀. Àfísù fi ẹ̀yìn àdá lù ú lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó wólẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ta á nípàá níhà, ẹnì kan sì tẹ egungun èjìká tó ṣẹ́ náà. Ó bì. Àfísù na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí òkúta géètì, ó sì gbé àdá sókè.

"Ìka mẹ́rin," ó wí. "Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Oòrùn ti wọ̀ ni?"

Àjọkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń fà á lọ́wọ́ bọ̀, ó sì ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀.

"Mo ní ṣé oòrùn ti wọ̀? Èmi ni mi ò ríran, ẹ̀yin ń ríran."

"Kò tíì wọ̀, Ìyá," Àfísù wí.

"Àdá yẹn ń kánjú nìyẹn. Gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé Hàmídù jáde wá, kí ẹ sì wá ọpọ́n fún mi."

Àfísù gbé àdá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e sínú àkọ̀. Nọ́ọ̀sì ń jà pé ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ dìde, Hàmídù fúnra rẹ̀ ló ti nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jáde pẹ̀lú báńdéèjì tó tóbi ju orí ọmọ lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ti yọ lára rẹ̀. Wọ́n fi í jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sì wọ́ Jòhánù wá síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Rhoda yọ láti ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ọpọ́n lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sá pamọ́ sí láti ìgbà ìjà náà.

"Kò gbọgbẹ́ kankan," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wú, ọ̀rọ̀ ò fẹ́ já. "Iléèwé márààrún wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é."

Àjọkẹ́ na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọpọ́n. Ìka rẹ̀ rìn lára irin náà bí ẹni tó ń wá ojú ọmọ rẹ̀. Ó bá ihò kìíní, ó dúró. Ó bá ìkejì. Nígbà tó bá ìkẹrin, ó yọ ọwọ́ kúrò.

"Ìró tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyí," ó wí. "Mo sì ṣàdúrà sí i." Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró. "Omi kò lè dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ibi tí à ń gbé ìjà sọ kalẹ̀, ẹ ti lu ú."

"Ó ti parí nìyẹn," Àfísù wí, ó sì tún mú àdá dáadáa.

Oòrùn ti kan orí ilé ìwòsàn. Jòhánù wà lórí ìkúnlẹ̀, itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń sun lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ẹ̀rù ìka rẹ̀ ń bà á. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ojú Hàmídù ló rí, kò sì rí ìbínú níbẹ̀. Àárẹ̀ ló rí. Ó rí ọmọ tó ń fín iná fún bàbá wọn nígbà tí òun ń kàwé. Ìtìjú mú un ju ìrora lọ.

"Omi wà nínú rẹ̀," ó wí.

"Omi wo?" Àjọkẹ́ béèrè.

"Inú rọ́bà ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń mú irin gbígbóná tutù, nínú ọpọ́n yìí gan-an."

Màmá náà rò ó. Àwọn aládàá ń wo ẹnu rẹ̀. "Omi tó bá ti mú irin tutù nínú ọpọ́n Ògúntúndé, omi àgbẹ̀dẹ ni," ó wí níkẹyìn. "Tú u."

Rhoda ló kọ́kọ́ yé. Ó di ọpọ́n mọ́ra. Bí wọ́n bá máa yọ bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó tú omi, yóò gba wákàtí kan, oòrùn kò sì ní wákàtí kan mọ́. Bí wọ́n bá gé rọ́bà báyìí, omi yóò ṣàn sórí bọ́ọ̀dù ìkẹyìn àti sórí gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. "Kí la ó jẹ?" ó bi ọkọ rẹ̀. Jòhánù kàn na ọwọ́, Rhoda sì gbé ọpọ́n náà kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ó yí ojú padà.

"Kí kálukú sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe," Àjọkẹ́ wí. "Láìbùlà."

"Mo fi ẹmú ṣẹ́ ọ léjìká," Hàmídù wí. "Mo lu ìyàwó rẹ lẹ́nu, mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀. Mo fún ọ lọ́rùn, mo sì fẹ́ kí o kú."

Ó kan Jòhánù. Gbogbo ènìyàn ló ti gbà pé bẹ́líìtì ló ṣèèṣì mú ọwọ́ náà. Ràfátù ti sọ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àfísù dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá, ó lè fi irọ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

"Mo lu ihò sí ọpọ́n bàbá wa láìbi ọ́," ó wí. "Mo bú ìyá rẹ. Mo fọ́ ọ lórí." Ó mí. "Mo rí bẹ́líìtì náà, Hàmídù. Mo rí i kí n tó ti ọwọ́ rẹ sí i."

Àdá dún lẹ́yìn rẹ̀. Àfísù gbé e sókè pátápátá, àwọn ọkùnrin mìíràn sì sún mọ́ iwájú. Hàmídù kò wo wọn.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ojú rẹ ni mò ń wò nígbà tí o tì í. Àfísù, jókòó."

Àfísù kò jókòó, ṣùgbọ́n àdá sọ̀ kalẹ̀. Jòhánù mú ọ̀bẹ tí nọ́ọ̀sì fi ń gé báńdéèjì, ó gé rọ́bà. Omi tú jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ju ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lọ. Ó ṣàn sórí bọ́ọ̀dù. Jòhánù fi ọ̀tún rẹ̀ mú òsì Hàmídù, ó gbé e sábẹ́ omi náà, ó sì wẹ̀ ẹ́, láàárín ìka, lábẹ́ èékánná, gbogbo ẹ̀jẹ̀ àti èlùbọ́ tó ti gbẹ níbẹ̀. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú bẹ̀rẹ̀ sí í jò látinú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sórí yanrìn.

"Ọ̀tún wẹ òsì," Àjọkẹ́ wí. "Ó ku òdìkejì."

Jòhánù ti na òsì rẹ̀ síta kó tó rántí. Ọ̀tún tó yẹ kó wẹ̀ ẹ́ wà nínú èlùbọ́ Ràfátù. Omi náà ti ń dín kù, oòrùn ti pọ́n lẹ́yìn igi máńgòrò. Jòhánù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Hàmídù gbé báńdéèjì náà. Ó gbé e sábẹ́ omi, ó sì fi lé òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi gbo ó. Ìrora mú kó fi eyín gé ètè, ẹ̀jẹ̀ tútù gba ara aṣọ jáde, ó ṣàn mọ́ omi sáàárín ìka Jòhánù. Kò dáwọ́ dúró títí omi fi tán. Jòhánù ń sunkún láìfi pamọ́, bí àgbàlagbà kì í ti í sunkún níwájú ènìyàn.

"Mo ti wẹ̀," Hàmídù wí. "Mi ò sọ pé mo ti gbàgbé."

"Wọn ò ní kó o gbàgbé," Àjọkẹ́ wí. Ó ní kí àwọn ọkùnrin kó àdá wọn lọ sílé, wọ́n sì lọ.

Rhoda kúnlẹ̀, ó yí ọpọ́n dojú dé kí omi tó kù lè jáde. Bọ́ọ̀dù náà yọ, ó já bọ́ sórí yanrìn, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Nọ́ọ̀sì wá, ó ń bínú, ó ń fa Hàmídù dìde. Ó ti fẹ́ wọlé tán kó tó yíjú padà.

"Tí mo bá ti lè dìde dáadáa, a ó dí ihò yẹn," ó wí. "Òsì mi á fín iná. Ẹ̀yin lẹ máa gbé òòlù, Bùọ̀dá."

Jòhánù ní ó dáa. Èjìká rẹ̀ gba oṣù mẹ́ta kó tó lè gbé òòlù náà ga.